Gọ́tà epo pupa tí a fi ìṣirò omi ṣe: kí ló dé tí ó ń kún wọ́ sílẹ̀?

Ọmọ Ìkálẹ̀ kọ ọ́ pé:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ibi kékeré kan tí a ti ń fún epo pupa ní ìtòsí Òkìtìpupa. Láàárín táǹkì tí epo ti máa ń tòrò àti táǹkì tí a ń tọ́jú rẹ̀ sí, mo ṣe gọ́tà onírin kan tí ojú rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 12, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 200, etí rẹ̀ ga ní mìlímítà 50, mo sì jẹ́ kí ó dà gẹ̀rẹ́ ní mìlímítà 5 lórí mítà kọ̀ọ̀kan. Pọ́ǹpù onígíà ló ń da epo sí i, lítà 3 ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Èmi fúnra mi ni mo ṣe ìṣirò rẹ̀. Mo lo fọ́múlà Manning tí wọ́n fi ń ṣírò omi tó ń ṣàn, mo fi n, nọ́ńbà tó dúró fún bí ara gọ́tà ṣe rí, sí 0.012 gẹ́gẹ́ bí ìwé ṣe kọ ọ́ fún irin tí ara rẹ̀ dán, ó sì sọ fún mi pé epo yóò ga ní mìlímítà 31. Ọkàn mi balẹ̀, nítorí pé mìlímítà 19 ṣì ṣẹ́kù kí ó tó dé etí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ki rúlà bọ gọ́tà náà ní ọ̀sán, tí epo wà ní dígírì 40, mìlímítà 38 ni mo rí. Nígbà tí ọyẹ́ sì dé, ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ kan tí a fẹ́ da epo tó sùn mọ́jú, epo kún kọjá etí gọ́tà ní àárín, ó sì ń ṣàn sílẹ̀ níṣojú wa. Àwo la fi ń bù ú kúrò lórí kọnkéré.

Ohun kan tún wà tó ń rú mi lójú. Mo ju ewé gbígbẹ kékeré kan sórí epo ní ọ̀sán ọjọ́ kan náà, ó sì rin mítà 10 ní ìṣẹ́jú àáyá 13. Mo sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 0.85 bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún odò, mo tún fi fífẹ̀ àti gíga epo sí i, ó sì fún mi ní lítà 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bẹ́ẹ̀ dúrọ́ọ̀mù onílítà 200 tí mo gbé sí ẹnu gọ́tà kún ní ìṣẹ́jú àáyá 67, ìyẹn sì jẹ́ lítà 3. Nínú ewé àti dúrọ́ọ̀mù, èwo ló ń purọ́ fún mi?

Àgbà Olómi fèsì pé:

Àbúrò mi, ẹ̀yìn iṣẹ́ omi ni mo ti fẹ̀yìn tì, nítorí náà jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbèjà fọ́múlà tí o lò kí n tó sọ ibi tí àṣìṣe wà. Robert Manning, ẹnjiníà ará Ireland, ló gbé e kalẹ̀ níwájú àwọn ẹnjiníà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1889, orí omi tó ń ṣàn nínú odò àti ipa omi ni ó sì gbé e lé. Wo inú rẹ̀ dáadáa: fífẹ̀ gọ́tà wà níbẹ̀, gíga ohun tó ń ṣàn wà níbẹ̀, dídà gẹ̀rẹ́ wà níbẹ̀, n sì dúró fún bí ara gọ́tà ṣe dán tàbí tí ó rí gbágungbàgun. Kò sí àyè kankan fún kíki. Bí o bá da oyin sínú gọ́tà náà, eré omi ni fọ́múlà yẹn yóò sọ fún ọ pé oyin ń sá.

Ohun tó fa èyí ni pé omi kì í sábà ṣàn jẹ́jẹ́ nínú ipa rẹ̀. Ó máa ń rú, ó máa ń lọ́ mọ́ra, ó máa ń gbá ara ògiri, débi pé gbágungbàgun ògiri náà ló ń dá a dúró ju kíki tirẹ̀ lọ. Epo tó ki kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kíki rẹ̀ gan-an ni ìdènà rẹ̀. Nítorí náà, má ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá n mìíràn tí yóò bá mìlímítà 38 rẹ mu, bí mo ti rí i tí àwọn kan ń ṣe, torí pé n tí o bá rí lónìí yóò ṣì ọ́ lọ́nà lọ́la tí epo bá tutù sí i.

Pọ́ǹpù onígíà tí o dárúkọ yẹn náà tún ń pa kún un. Irú pọ́ǹpù mìíràn a máa dín ohun tó ń dà kù bí epo bá ki, ṣùgbọ́n onígíà kò mọ̀ bẹ́ẹ̀, iye kan náà ni yóò máa tì jáde, gbogbo wàhálà kíki yóò sì di ti gọ́tà.

Olùkọ́ Físíìsì fèsì pé:

Ẹ̀gbọ́n wa ti sọ ojú abẹ níkòó. N ó fi ìṣirò tì í lẹ́yìn.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó ṣe ni kí ẹ mọ irú ìṣàn tí ẹ ní. Ní ọdún 1883 ní Manchester, Osborne Reynolds tú omi tí a pa láró sínú omi tó ń gba inú páìpù gíláàsì kọjá. Nígbà tí omi ń lọ jẹ́jẹ́, aró náà dúró bí fọ́nrán òwú kan ṣoṣo títí dé òpin. Nígbà tí eré rẹ̀ pọ̀ sí i, fọ́nrán náà já, aró sì dà pọ̀ mọ́ gbogbo omi. Nọ́ńbà tó ń ya méjèèjì sọ́tọ̀ ni à ń fi orúkọ rẹ̀ pè. Fún gọ́tà, ẹ mú ojú àyè tí epo gbà, ẹ fi gígùn ara irin tí epo rin yí ká pín in, èyí ni R. Ẹ wá sọ R di púpọ̀ pẹ̀lú 4 àti eré epo, kí ẹ fi kíki pín in. Bí ohun tó jáde kò bá tó 2000, ìṣàn pẹ̀lẹ́ ni. Ẹ ṣọ́ra o, nítorí pé àwọn ìwé kan kì í fi 4 yẹn sí i, ààlà tiwọn á sì jẹ́ 500. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó mú nọ́ńbà láti inú ìwé kan, tó mú ààlà láti inú ìkejì, tó sì jiyàn títí ilẹ̀ fi ṣú.

Kíki tí mo ń sọ níbí ni èyí tí a ti fi ìwúwo epo pín, mìlímítà onígun mẹ́rin ní ìṣẹ́jú àáyá kan la fi ń kà á. Ti omi ní dígírì 20 jẹ́ 1. Ti epo pupa jẹ́ bí 45 ní dígírì 40, bí 30 ní dígírì 50, ó sì máa ń súnmọ́ 70 ní dígírì 30 bí kò bá tíì bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Ẹ wo bí dígírì 20 péré ṣe sọ ọ́ di ju ìlọ́po méjì lọ.

Bí ìṣàn bá jẹ́ pẹ̀lẹ́, a kò nílò n rárá. Nusselt, ará Jámánì, ti ṣe ìṣirò rẹ̀ ní ọdún 1916 fún omi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí oru máa ń dì sí lára irin tútù, ìlànà kan náà ló sì bá epo inú gọ́tà mu. Iye epo tó ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni Q, fífẹ̀ gọ́tà ni b, gíga epo ni h, dídà gẹ̀rẹ́ ni S, kíki ni ν, g sì jẹ́ 9.81:

Q = g × S × b × h³ ÷ (3 × ν) × (1 − 1.26 × h ÷ b)

Apá tó wà nínú àkámọ́ ni ohun tí ògiri méjèèjì ń fà sẹ́yìn. Kò ṣeé gbára lé mọ́ bí gíga epo bá ń súnmọ́ ìdajì fífẹ̀ gọ́tà. Ẹ fi mítà ka gbogbo rẹ̀, kí kíki 45 di 0.000045.

Nígbà tí mo fi nọ́ńbà yín sí i ní dígírì 40, mìlímítà 38 gbé lítà 3.03 jáde. Rúlà yín kò purọ́. Nọ́ńbà Reynolds rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 980, nítorí náà ìṣàn pẹ̀lẹ́ ni lóòótọ́. Ní dígírì 30, kí lítà 3 kan náà tó lè kọjá, epo ní láti ga tó mìlímítà 45.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe wá ju Manning sígbó. Bí epo bá ń bọ̀ láti ibi ìsè ní dígírì 90, kíki rẹ̀ kò ju bí 10 lọ, nọ́ńbà Reynolds yín á sì gòkè dé bí 4600. Ìṣàn pẹ̀lẹ́ ti tán nìyẹn. Fọ́múlà tí mo kọ sókè yìí yóò sọ fún yín pé epo yóò ga ní mìlímítà 22, irọ́ ni. Fún irú èyí, ẹ lo fọ́múlà Darcy àti Weisbach, V = √(8 × g × R × S ÷ f), níbi tí V ti jẹ́ eré epo, tí f sì jẹ́ nọ́ńbà ìdènà, kí f jẹ́ 0.316 tí a fi Reynolds sí agbára 0.25 pín, gẹ́gẹ́ bí Blasius ṣe là á kalẹ̀ fún ara tó dán. Ó fún mi ní mìlímítà 31, iye kan náà tí Manning fún yín. Epo gbígbóná ni ìwé yín ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìmọ̀. Ohun tí èmi máa ń ṣe ni pé kí n ṣírò méjèèjì, kí n sì gba èyí tó bá fún mi ní gíga tó pọ̀ jù.

Ìyá Elépo fèsì pé:

Ẹ kú làákàyè o. Èmi kò mọ Reynolds, ṣùgbọ́n mo ti ń ṣe epo láti ìgbà tí mo wà lọ́dọ̀ ìyá mi, mo sì fẹ́ bi Ọmọ Ìkálẹ̀ ní ìbéèrè kan: ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí epo dà nù yẹn, ṣé ẹ fọwọ́ kan irin gọ́tà náà kí ẹ tó ṣí epo sí i?

Epo tó kọ́kọ́ kan irin tútù kì í lọ, ńṣe ló máa ń dì mọ́ ọn lára. Bí ẹ bá fi èékánná họ ìsàlẹ̀ gọ́tà lẹ́yìn tí epo ti ṣàn tán, ẹ ó rí i bí òrí, ó ti di pẹlẹbẹ, a máa nípọn tó ìka ọwọ́ tó kéré jù ní apá ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Orí epo dídì yẹn ni èyí tó kù ń gùn. Gọ́tà tí ẹ wọ̀n nígbà tí ó ṣófo kọ́ ni ẹ ń lò mọ́. Ohun tí a máa ń ṣe ni pé kí a da omi híhó sí i láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí a jẹ́ kí ó ro tán pátápátá, kí a tó ṣí epo, nítorí pé omi tó bá bá epo wọ táǹkì a máa bà á jẹ́. Ẹ wá páànù pẹlẹbẹ bò ó lójú pẹ̀lú. Epo tó rin mítà 12 nínú ọyẹ́ láìní ìborí, kò lè dé bí ó ṣe kúrò.

Olùkọ́ Físíìsì fèsì pé:

Ìyá, ẹ ti parí ẹjọ́ náà. Mìlímítà 45 ni mo rí fún epo olómi ní dígírì 30. Bí mìlímítà 5 epo dídì bá wà ní ìsàlẹ̀, àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 50, gíga etí gọ́tà gan-an sì nìyẹn, kí a má tilẹ̀ tíì ka èyí tó dì mọ́ ògiri méjèèjì tó sì jẹ́ kí ọ̀nà tún fún sí i.

Ayàwòrán Ẹ̀rọ fèsì pé:

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ọ̀rọ̀ ewé. Kò sí èyí tó purọ́ nínú ewé àti dúrọ́ọ̀mù, 0.85 ni kò sí ní àyè rẹ̀. Nínú odò, nítorí pé omi ń rú, eré òkè àti eré ìsàlẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dà pọ̀ di ọ̀kan, ìdí nìyẹn tí ìpíndọ́gba fi súnmọ́ eré tí a rí lójú omi. Nínú ìṣàn pẹ̀lẹ́, ìsàlẹ̀ kì í lọ rárá, ojú rẹ̀ ló ń sáré. Bí gọ́tà bá fẹ̀ gan-an tí epo inú rẹ̀ sì fẹ́lẹ́, ìpíndọ́gba eré jẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta eré ojú epo. Bí gọ́tà bá fún bí ti yín, tí ògiri ẹ̀gbẹ́ náà ń fa epo sẹ́yìn, tí ẹ sì ju ewé sí àárín gbùngbùn, ó máa ń sún mọ́ ìdajì. Fún 200 lórí 38, nǹkan bí 0.53 ni mo rí.

Ewé yín rin mítà 0.77 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí ẹ bá sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 0.53, tí ẹ fi 0.2 àti 0.038 sí i, lítà 3.1 ni yóò jáde. Dúrọ́ọ̀mù yín sọ 3. Síbẹ̀, bí mo bá ní dúrọ́ọ̀mù, n kò ní wo ojú ewé.

Bí ẹ bá fẹ́ fi ojú yín rí irú ìṣàn tí ẹ ní láìṣe ìṣirò, ẹ máa da ìyẹ̀fun funfun díẹ̀díẹ̀ láti ẹnu ṣíbí sí ojú kan ṣoṣo lórí epo. Bí ó bá fa ìlà kan tẹ́ẹ́rẹ́ títí dé òpin, ìṣàn pẹ̀lẹ́ ni.

Ará Pobè fèsì pé:

Láti orílẹ̀-èdè Benin ni mo ti ń kí yín. Mo rí i pé epo tó tòrò nìkan ni gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé fọ́múlà Olùkọ́ lọ sídìí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ epo, tàbí ògì, tàbí omi sítáàṣì ẹ̀gẹ́ tó ki. Àwọn wọ̀nyí ní agídí tiwọn: bí ohun tó ń tì wọ́n kò bá tó ìwọ̀n kan, wọn kò ní kúrò lójú kan. Agbára tó ń ti nǹkan ní ìsàlẹ̀ gọ́tà ni ìwúwo rẹ̀ ní ìlọ́po g, ní ìlọ́po gíga rẹ̀, ní ìlọ́po dídà gẹ̀rẹ́. Nínú gọ́tà yìí, fún ohun tó wúwo bí omi tó sì ga ní mìlímítà 40, kò ju Pa (páskàlì) 2 lọ. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí agídí rẹ̀ bá ju ìyẹn lọ yóò jókòó síbẹ̀ ni. Ẹ lè wọ̀n ọ́n nílé: ẹ tẹ́ ẹ sórí páànù kí ó nípọn tó mìlímítà 10, ẹ máa gbé orí páànù sókè díẹ̀díẹ̀, kí ẹ kọ ibi tó wà nígbà tí ó kọ́kọ́ rìn sílẹ̀. Àwọn olùwádìí ní Cape Town ti da irú nǹkan báyìí, amọ̀ kaolin àti bentonite, sínú gọ́tà ìdánwò, ohun tó sì hàn níbẹ̀ ni pé a gbọ́dọ̀ wọ̀n ìwà ohun náà fúnra rẹ̀ kí a tó ṣírò ohunkóhun.

Nípa wíwọn kíki: ẹnì kan lè sọ fún yín pé kí ẹ ju bọ́ọ̀lù béárìn onímìlímítà 3 sínú epo, kí ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá. Fún oyin, ó dára gan-an, torí pé bí mìlímítà 3 péré ni yóò máa rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Fún epo pupa gbígbóná, kí ẹ tó ṣẹ́jú ó ti dé ìsàlẹ̀, fọ́múlà tí wọ́n ń lò fún un kò sì bá irú eré bẹ́ẹ̀ mu mọ́. Àwọn tó ń gbé irin tí a gé bí V dí ẹnu gọ́tà láti fi wọn epo náà, ẹ rántí pé ara omi ni nọ́ńbà inú fọ́múlà rẹ̀ ti wá. Ẹ gbé dúrọ́ọ̀mù tì í, kí ẹ tún nọ́ńbà náà wá fún epo tiyín ní ìgbóná tí ẹ ó máa lò ó.

Àgbà Olómi fèsì pé:

Ó kù kí a sọ ohun tí àbúrò wa yóò ṣe. Mo jókòó ti fọ́múlà Olùkọ́ ní òwúrọ̀ yìí, mo sì fi kíki 70 sí i, torí pé òwúrọ̀ ọyẹ́ ni ọ̀tá rẹ, ọ̀sán kọ́. Bí o bá ṣe gọ́tà tuntun tó fẹ̀ ní mìlímítà 300, epo yóò ga ní 37. Bí o bá fi gọ́tà tí o ní sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí o kàn gbé orí rẹ̀ sókè pẹ̀lú sẹ̀ǹtímítà 6 kí ó lè máa dà gẹ̀rẹ́ ní mìlímítà 10 lórí mítà kan, epo yóò ga ní bí 34 sí 35. Ó sàn ju ti irin tuntun lọ, owó ẹsẹ̀ irin méjì tàbí mẹ́ta péré ló sì máa ná ọ. Wò ó bóyá ẹnu pọ́ǹpù rẹ ṣì ga ju ibẹ̀ lọ.

Olùkọ́ Físíìsì fèsì pé:

Mo fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹ fi àyè sílẹ̀ fún ìgbì. Nínú ìṣàn pẹ̀lẹ́, bí eré epo bá ju bí ìdajì eré ìgbì orí rẹ̀ lọ, ojú epo a máa dá ìgbì kéékèèké sílẹ̀ fúnra rẹ̀, àwọn ìgbì náà a sì máa lépa ara wọn. Gọ́tà yín ti wọ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, gbígbé tí ẹ fẹ́ gbé e sókè yóò sì mú un dé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ẹ má ṣe gé etí rẹ̀ kúrò nítorí pé epo ti lọ sílẹ̀.

Ọmọ Ìkálẹ̀ fèsì pé:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Wẹ́dà ti fi ẹsẹ̀ kún orí gọ́tà náà, mo sì fi ọ̀pá olómi yẹ̀ ẹ́ wò ní ibi mẹ́ta. Ìsopọ̀ àárín ti rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀ láti ọjọ́ yìí, ibẹ̀ gan-an sì ni epo ti ń dà nù. A tún un ṣe. Ní òwúrọ̀ àná a da omi híhó sí i bí Ìyá ṣe wí, a jẹ́ kí ó ro tán, a fi páànù bò ó, a sì ṣí epo tó wà ní dígírì 32 sí i. Rúlà ka 34 ní òkè, ó ka 36 ní ìsàlẹ̀ níbi tí epo ti tutù díẹ̀ sí i. Ìgbì kéékèèké tí Olùkọ́ sọ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó kun ògiri ní pupa dé mìlímítà 41. Dúrọ́ọ̀mù kún ní ìṣẹ́jú àáyá 68. Kọnkéré gbẹ.